Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin olùkọ́ bàọ́lọ́jì wa ní Èkìtì: ẹ jẹ́ káwọn ọmọ rí sẹ́ẹ̀lì kí wọ́n tó há a sórí

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú uṣẹ́ o. Ẹ kú wàhálà ọmọ ọlọ́mọ, ẹ kú ariwo kíláàsì tó ń gbẹ èèyàn lọ́fun. Mo mọ̀ pé owó oṣù ò tó nǹkan, mo sì mọ̀ pé ẹlòmíì nínú yín ló ń kọ́ bàọ́lọ́jì, òun náà ló tún ń kọ́ agric, òun náà ni wọ́n tún ní kó máa bójú tó àwọn ọmọ tó pẹ́ dé láàárọ̀. Torí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo wá bú tísà ni. Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe ní ọsibítù kan níbí ní Adó, ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ lohun tí mò ń wò lábẹ́ maikirosikóòpù látàárọ̀ dalẹ́, ẹ̀yin lẹ sì kọ́ irú wa ká tó débi tá a dé. Ohun tó ń dùn mí ni mo wá sọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní SS1. Ẹ bi í pé kí ni sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn yàrá kékeré tí wọ́n fi mọ ara gbogbo ohun alààyè, á kà á fún yín ní Gẹ̀ẹ́sì, kò ní ṣi kọ́mà kan. Ẹ bi í ní ìjọba 5 tí wọ́n pín àwọn ohun alààyè sí, á dárúkọ wọn bí ẹni ń ka orin, Monera, Protista, Fungi, Plantae, Animalia, ó tán. Mo wá bi í pé ó dáa, èyí tó ń fa ibà tó dá ẹ dúbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú èwo nínú 5 yẹn ló wà? Ọmọ wo àjà, ó wo ilẹ̀, ó ní bakitéríà ni. Mo ní ta ló sọ fún ẹ? Ó ní kò sí nínú nóòtù.

Mi ò bá ọmọ yẹn wí. Àwọn àgbàlagbà tó gba kírẹ́dì nínú bàọ́lọ́jì, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fún wa ní wíńdò láàbù. Ẹlòmíì á ti lo ampisílìn, òògùn tó ń pa bakitéríà, fún ibà fún odindi ọjọ́ mẹ́ta kó tó wá, wọ́n á ní ara ò tíì balẹ̀, wọ́n ò mọ ohun tó fà á. Ìdáhùn sì wà nínú nóòtù SS1 tí wọ́n há sórí nígbà náà lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó bá wọn so ó mọ́ nǹkankan ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí sẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ń wọ́. Àwọn ọmọ rò pé sẹ́ẹ̀lì jẹ́ àwòrán róbótó kan tí wọ́n ń yà sí páálí, tí wọ́n ń fi ìlà tọ́ka sí ojú ẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹ mọ̀ pé a ò nílò maikirosikóòpù kankan láti fi sẹ́ẹ̀lì kan hàn wọ́n? Ẹ ra ẹyin kan, ẹyin agric tí wọ́n ń tà káàkiri tí àkùkọ ò dé ibẹ̀ rárá, ẹ fọ́ ọ sínú àwo funfun. Gbogbo pupa ẹyin yẹn, sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan ṣoṣo ni. Oúnjẹ ló kún inú ẹ̀ tó fi tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wò ó dáadáa, ẹ máa rí àmì funfun kékeré kan lójú ẹ̀, ibẹ̀ ni núkílíọ́ọ̀sì, ọ̀gá tó ń darí sẹ́ẹ̀lì, wà. Ọmọ tó bá fojú ara ẹ̀ rí ìyẹn, tó tún wá gbé ẹyin yẹn lọ dín, kò ní gbàgbé láéláé pé sẹ́ẹ̀lì ní awọ, ó ní omi inú, ó ní núkílíọ́ọ̀sì.

Lẹ́yìn náà ni ká wá lọ síbi àlùbọ́sà. Gbogbo yín lẹ mọ èyí, kó ṣáà di ṣíṣe ló kù. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàárín abala àlùbọ́sà, ẹ bó o, ẹ tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, ẹ kán áyódíìnì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì sí i, ẹ bò ó. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ á tò bíi búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà tò, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ògiri ẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú núkílíọ́ọ̀sì tó ti mu áyódíìnì tó wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ níbi igun kan. Ibí yìí gan-an ni mo ti máa ń mọ ọmọ tó wò ó lóòótọ́ yàtọ̀ sí èyí tó da ti ìwé kọ. Ọmọ tó bá ya sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà tó wá ya kúlóróplásítì, nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń fi oòrùn se oúnjẹ, sínú ẹ̀, kò rí nǹkankan, inú tẹ́síbúùkù ló ti rí i. Abẹ́ ilẹ̀ ni orí àlùbọ́sà ń gbé, oòrùn ò débẹ̀, kí ló fẹ́ fi nǹkan aláwọ̀ ewé ṣe níbẹ̀? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí kúlóróplásítì, ewé ni kẹ́ ẹ lọ wò. Mo mọ̀ pé àwòrán "sẹ́ẹ̀lì ewéko" tó wà nínú ìwé ló ń fa gbogbo eléyìí, wọ́n kó gbogbo nǹkan jọ sínú sẹ́ẹ̀lì kan, ọmọ wá rò pé gbogbo sẹ́ẹ̀lì igi ló rí bẹ́ẹ̀.

Ìtàn ẹ̀ náà dùn tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ fún wọn bí ìtàn. Ní 1665, Robert Hooke nílùú London gé èèpo igi kan tí wọ́n fi ń dí ìgò pẹlẹbẹ, ó wò ó, ó rí àwọn yàrá kéékèèké, ó sọ wọ́n ní orúkọ tá a ṣì ń pè wọ́n dòní. Ohun tí tísà kì í sọ ni pé òkú sẹ́ẹ̀lì ló rí, ilé ṣófo, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ti lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ rí èyí tó ń mí, tó ń yí kiri nínú omi, oníṣòwò aṣọ ni o, Leeuwenhoek, ará Delft ní ilẹ̀ Netherlands, kò lọ yunifásítì kankan, òun fúnra ẹ̀ ló ń lọ gíláàsì tó fi ń wò. Ẹ sọ ìyẹn fún ọmọ oníṣòwò tó jókòó lẹ́yìn kíláàsì. Ó tó bíi ọdún 170 lẹ́yìn Hooke kí Schleiden tó sọ ní 1838 pé sẹ́ẹ̀lì ni gbogbo igi, tí Schwann sì sọ ní 1839 pé bẹ́ẹ̀ náà ni ẹranko, Virchow wá fi dé e lórí ní 1855 pé inú sẹ́ẹ̀lì ni sẹ́ẹ̀lì ti ń jáde, kì í ṣàdédé hù.

Níbi iṣẹ́ tèmi, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ni mò ń rí jù. Àwọn ọmọ ti há a sórí pé gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹranko ló ní núkílíọ́ọ̀sì, wọ́n dé láàbù fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n, núkílíọ́ọ̀sì dà? Kò sí. Ẹ̀jẹ̀ pupa èèyàn ti tì í dànù kó tó kúrò nínú mùdùnmúdùn egungun, kí àyè lè gba hẹmogilóbíìnì, èyí tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara. Torí kò ní in, kò lè pín ara ẹ̀ sí méjì, tó bá ti tó bíi 120 ọjọ́ ara á fọ́ ọ, á ṣe òmíì. Ẹ̀jẹ̀ funfun lẹ máa rí tó ní núkílíọ́ọ̀sì, ó tiẹ̀ tún ń là sí abala-abala. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí jẹnotáìpù ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ jẹ́ SS, ẹ máa rí i pé àwọn pupa kan ti tẹ̀ bíi dòjé, ibi ẹyọ kan ṣoṣo nínú pírótíìnì hẹmogilóbíìnì ni nǹkan ti yí padà tí gbogbo wàhálà yẹn fi ṣẹlẹ̀. Kí n má gbàgbé, ẹ bá wa sọ fáwọn ọmọ SS3 kí wọ́n tó lọ fẹ́ra: AS àti AS, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ànfààní 1 nínú 4 láti jẹ́ SS, kì í ṣe pé tí wọ́n bá ti bí ọ̀kan tó jẹ́ SS, mẹ́ta tó kù ti bọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé o.

Ó wá ku ibi tí ọ̀rọ̀ ampisílìn wà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn pé sẹ́ẹ̀lì bakitéríà ní ògiri, sẹ́ẹ̀lì ewéko ní ògiri, ti fọ́ńgáì, ìyẹn olú àti irú ẹ̀, ní ògiri, ti ẹranko ò ní. Ọmọ kọ ọ́ sínú tébù, ó fi rúlà fa ìlà, ó gba máàkì. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìlà ẹyọ kan yẹn ló fà á tí penisílìn, tí ampisílìn jẹ́ ọ̀kan nínú irú ẹ̀, fi ń ṣiṣẹ́. Ohun tí penisílìn ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí bakitéríà rí ògiri ẹ̀ mọ dáadáa, omi á wá ya wọ inú ẹ̀, á wú, á bẹ́. Àwa ò lógiri lára sẹ́ẹ̀lì wa, nítorí náà òògùn yẹn á gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá láì fọwọ́ kàn wá, àfi ẹni tí ara ẹ̀ bá kọ̀ ọ́. Kòkòrò ibà ńkọ́? Plasmodium kì í ṣe bakitéríà, inú Protista ló wà, sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan tó ní núkílíọ́ọ̀sì bíi tiwa, kò lógiri yẹn, inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa wa ló ń sá pamọ́ sí. Lábẹ́ maikirosikóòpù, tá a bá ti fi aró tó ń jẹ́ Giemsa kùn ún, a máa ń rí i bí òrùka tín-ín-rín tó ní ojú kan. Kí ni ampisílìn fẹ́ fi òrùka yẹn ṣe? Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ọ̀fìnkìn lásán náà, kì í tilẹ̀ ṣe sẹ́ẹ̀lì, kò ní ògiri, kò ní ilé kankan tó jẹ́ tiẹ̀, ilé onílé ló ń wọ̀ lọ bímọ sí. Làpálàpá orí ọmọdé, fọ́ńgáì ni, ògiri wà lára tiẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ ohun tí wọ́n fi mọ ọ́n yàtọ̀, kítíìnì ni, irú èyí tó wà lára èèpo ẹ̀yìn aáyán, penisílìn ò mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ẹ sì wò ó, ibà, ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ibà Lassa, ibà ni gbogbo wa ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ara gbígbóná náà ló kọ́kọ́ ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan jẹ́ Protista tí abo ẹ̀fọn Anopheles ń gbé kiri, ọ̀kan jẹ́ bakitéríà tó ń gba inú omi àti oúnjẹ ìdọ̀tí wọlé, ọ̀kan jẹ́ fáírọ́ọ̀sì tí èkúté ń kó wá. Ibi tí nǹkan bá wà nínú ìpín yẹn ló ń sọ òògùn tí dókítà máa kọ. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ kíláàsì nìyẹn, dípò orúkọ ìjọba 5 tí wọ́n á máa kà bí orin.

Bó bá kan ti pínpín àwọn ohun alààyè, ẹ dákun, ọmọ Èkìtì ò dé kíláàsì lófìfo. Ọmọ tó ń bá ìyá ẹ̀ lọ sóko mọ iṣu yàtọ̀ sí ewùrà, ó mọ ewùrà yàtọ̀ sí èsúrú, ó mọ̀ pé téèyàn bá gún ewùrà níyán bàbá máa bínú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Dioscorea, orúkọ ẹ̀yà wọn nìyẹn, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní genus, orúkọ kejì ló yà wọ́n sọ́tọ̀: rotundata ni iṣu funfun tá à ń gún nuyán, alata ni ewùrà, dumetorum ni èsúrú. Kókò tí gbogbo èèyàn ń pè mọ́ iṣu kì í ṣe ara wọn rárá, ọ̀dùnkún náà kì í ṣe ara wọn. Tí ọmọ bá ti rí ìyẹn, ẹ wá sọ fún un pé Linnaeus, ará Sweden, ló fìdí orúkọ méjì-méjì yẹn múlẹ̀, ti igi ní 1753, ti ẹranko ní 1758, àti pé lẹ́tà ńlá ni à ń fi bẹ̀rẹ̀ ti àkọ́kọ́, lẹ́tà kékeré ti ìkejì, ká sì fa ìlà sábẹ́ ẹ̀ téèyàn bá fọwọ́ kọ ọ́. Wáyẹ́ẹ̀kì ò ní fojú fo ìlà yẹn.

Èyí tó máa ń ya èmi gan-an lẹ́nu ni ìdílé kan báyìí tí wọ́n ń pè ní Malvaceae. Ẹ gbọ́ àwọn tó wà nínú ẹ̀: obì, kòkó, ilá, ewédú, ìṣápá, òwú, osè, àràbà. Gbogbo wọn! Kòkó tí àwọn bàbá wa fi kọ́lé tí wọ́n fi rán ọmọ lọ yunifásítì, àti ìṣápá tá a fi ń jẹyán, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Tẹ́lẹ̀ ìdílé mẹ́rin ni wọ́n pín wọn sí, ìgbà tí wọ́n wá ń wo DNA wọn, àkọsílẹ̀ àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì, ní bíi 1990 sókè ni wọ́n rí i pé ẹbí kan ni, wọ́n kó wọn pọ̀. Ìwé tó wà nílé-ìwé ẹlòmíì nínú yín ṣì lè máa pe kòkó ní Sterculiaceae, kì í ṣe irọ́, ó ti pẹ́ ni. Ẹ ní kí ọmọ fọwọ́ kan omi ilá, kó fọwọ́ kan ewédú, kó la kòkó tútù kó mú èso ẹ̀ tó ń yọ̀, ká wá bi í pé kí ló ṣàkíyèsí. Ọwọ́ ẹ̀ á yọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mi ò ní kó wá fi yíyọ̀ nìkan pín igi o, àwọn ohun tó ń yọ̀ pọ̀ láyé, àmọ́ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

Orógbó ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó níbi ìsọmọlórúkọ mọ̀ pé àgbàlagbà kankan ò ní gbé orógbó pé obì ni. Obì àbàtà ń là sí mẹ́ta, mẹ́rin, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbànja ń là sí méjì, Cola acuminata àti Cola nitida, ọmọ ìyá ni wọ́n. Orógbó kì í là, Garcinia ni, ìdílé ọ̀tọ̀ pátápátá. Àwọn bàbá wa ò ní maikirosikóòpù, ìlà inú èso ni wọ́n wò.

Bẹ́ẹ̀ kẹ̀ ó níbi tí ojú lásán ti ń tan èèyàn jẹ, ẹ sọ ìyẹn náà fún wọn. Àdán ń fò, kì í ṣe ẹyẹ, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Akíka ní ìpẹ́ lára bíi ẹja, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Aláǹtakùn ní ẹsẹ̀ 8, kì í ṣe ara àwọn kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ 6. Ikán tí gbogbo èèyàn ń pè mọ́ èèrà, aáyán ló bá tan. Linnaeus fúnra ẹ̀ tiẹ̀ fi àdán sínú ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú èèyàn àti ọ̀bọ ní 1758, àwọn tó tẹ̀ lé e ló yọ ọ́ kúrò. Àwọn ìnàkí tó kù nínú igbó ọba ní apá Ise-Èkìtì, Pan troglodytes ni, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní chimpanzee, wọ́n wà lára àwọn tó sún mọ́ wa jù nínú gbogbo ẹranko, ó sì wù mí kí ọmọ Èkìtì gbọ́ ọ lẹ́nu tísà ẹ̀ pé wọ́n wà nílẹ̀ wa kí wọ́n tó tán.

Olú ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ewéko ni, ṣebí ilẹ̀ ló ti ń hù. Ọjọ́ pẹ́ táwọn onímọ̀ náà fi wà bẹ́ẹ̀, igi àti ẹranko nìkan ni wọ́n mọ̀, wọ́n ti olú mọ́ igi. Whittaker, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, ló to àwọn ohun alààyè sí ìjọba 5 ní 1969 tí fọ́ńgáì fi ní ilé tiẹ̀. Olú ò ní kúlórófíìlì, kò lè fi oòrùn se oúnjẹ, ohun tó ti kú tàbí tó ń jẹrà ló ń jẹ. Olú ńlá tó ń hù lórí ògán nígbà òjò, Termitomyces, àwọn ikán ló ń gbìn ín sábẹ́ ilẹ̀ fún jíjẹ tiwọn, èyí tó yọ síta la wá ń ká. Ẹbí olú kan náà ni nǹkan tó ń hù lára búrẹ́dì tó bá ti bu, irú ẹ̀ kan sì ni Fleming rí nínú àwo ẹ̀ ní 1928 tó ti pa bakitéríà yí ara ẹ̀ ká, ibẹ̀ ni penisílìn ti jáde.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ ní níbo la ti fẹ́ rí maikirosikóòpù? Nílé-ìwé kan tí mo mọ̀, ó wà, tuntun ni, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà tí wọ́n tì pa, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan, wọ́n ní àwọn ọmọ á bà á jẹ́. Ọjọ́ práktíkà wáyẹ́ẹ̀kì ló ń jáde. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan tó bà jẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó ń lò ó sàn ju èyí tó dípẹtà nínú àpótí. Ibi tí kò bá sì sí rárá, ẹ kán omi ẹyọ kan ṣoṣo, kékeré gan-an, sójú kámẹ́rà fóònù, ẹ yí i délẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí omi má baà já, ẹ gbé e sún mọ́ ewé, ẹ máa rí ohun tójú lásán ò lè rí. Manu Prakash àtàwọn ènìyàn ẹ̀ ní Stanford tún ṣe ọ̀kan tí wọ́n fi páálí ká, Foldscope lorúkọ ẹ̀, wọ́n gbé e jáde ní 2014, ohun èlò inú ẹ̀ ò tó dọ́là kan nígbà náà. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tó ń ra aago ògiri àti ṣíà fún ilé-ìwé wọn lè rà á dípò ìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n wo sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí oníkálukú lo igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi òwú wé lórí tiẹ̀, kò gbọdọ̀ kan ti ẹlòmíì, kẹ́ ẹ dà á sínú jíìkì lẹ́yìn náà. Ẹ̀jẹ̀ ni kẹ́ ẹ má dán wò ní kíláàsì. Ìyẹn, ẹ kó wọn wá bá wa. Ọ̀pọ̀ láàbù ọsibítù ló ní sláìdì tó ti gbẹ, tá a ti wò tán, tí orúkọ ẹnikẹ́ni ò sí lára ẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà kékeré sí ọ̀gá láàbù tó bá sún mọ́ yín, ẹ ní ẹ ń mú àwọn ọmọ bọ̀, ọ̀sán ló dáa jù torí àárọ̀ làwọn aláìsàn ń pọ̀. Kí wọ́n má kọjá 10 lẹ́ẹ̀kan náà, àyè ò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n mú pẹ́ńsùlù àti pépà funfun dání, kí wọ́n ya ohun tí wọ́n bá rí. Kí wọ́n fi tẹ́síbúùkù sílé.

Èmi ni tiyín,
ọmọ Èkìtì kan tó ń wo ẹ̀jẹ̀ jẹun, ní Adó.